Lórí Èjìká Ayenajeyi

Yàrá mẹ́fà nilé wa ní Kubwa, kànga kan,
àti ìgbálẹ̀ kan tí à ń torí ẹ̀ jà láràárọ̀.

Ní yàrá kejì, Okwudili kì í fọwọ́ kan iná lálẹ́ Jímọ̀.
Kí oòrùn tó wọ̀ ló ti tan àbẹ́là méjì sójú fèrèsé,
ó ti dé fìlà kékeré kan
tí kò ju ìdérí kọ́ọ̀bù lọ.
Ó ní ọmọ Gáàdì lòun, ẹ̀jẹ̀ Jékọ́bù,
ó ní àwọn baba òun rìn, wọ́n rìn, wọ́n rìn
títí wọ́n fi dé etí odò kan ní Aguleri,
ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n jókòó,
wọ́n gbàgbé láti dìde.

Ní yàrá karùn-ún, Bishara ká ìwé ìran rẹ̀ sínú ọ̀rá.
Ọ̀rá yẹn nìkan ló bá a sá jáde ní Dikwa
lọ́jọ́ tí wọ́n sun abúlé, tí màlúù ń sunkún bí ènìyàn.
Baba mẹ́rìnlá ló lè kà láìmí,
títí dé aṣálẹ̀ àwọn Lárúbáwá.
Síbẹ̀ ṣọ́jà ojú ọ̀nà Zuba wo imú rẹ̀,
ó ní, "Ìwọ, orílẹ̀-èdè wo lo ti wá?"

Rédíò ló dá ìjà sílẹ̀.
Ogun ọ̀hún, ní ilẹ̀ tí ẹnì kankan nínú wọn kò tẹ̀ rí,
wọ inú ọgbà wa láago méje alẹ́.
"Ilẹ̀ baba wa ni."
"Ta lẹ bá níbẹ̀?"
"Àwa la kọ́kọ́ débẹ̀."
"Àwa ò kúrò níbẹ̀ rí."
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, okùn kànga ti di méjì.
Àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n jọ ń yí táyà kan ṣoṣo,
jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; táyà dùbúlẹ̀ sáàárín.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi kò gbà.
Sàbọ̀n-Gàrí ní Kano ni wọ́n bí mi sí,
baba mi sì máa ń sọ fún wa, bó bá mu fúrá yó,
pé Mẹ́kà ni Lámúrúdu ti wá.
A gbà á gbọ́. A máa ń kọjú síbẹ̀ sùn.
Mo lọ gba ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ ní Kano, akọ̀wé ní,
"Màmá, ẹ lọ gbà á nílùú yín."
Mo dé Ọ̀fà. Baálé agboolé wa gbọ́ mi, gbọ́ mi,
ó ní Yorùbá mi ń ta yájì.

Ọjọ́ Àìkú ni Ayenajeyi ń gbé igi ìdáná wá.
Èjìká ló fi ń rù ú, bíi ti àwọn Gbagyi:
wọ́n ní orí ni ọba, ọba kì í ru ẹrù.
Ó bá wọn lẹ́nu ìjà, ó sọ igi kalẹ̀.
Mo ní ilẹ̀ ni wọ́n ń jà lé.
Ó ní, "Ilẹ̀ wo? Ti ibí?"
A dákẹ́.

Ó ní Maitama ni wọ́n bí òun sí,
kí ìjọba tó fi ọkọ̀ kó wọn wá sí Kubwa.
Ilé aṣojú ìlú òkèèrè kan ló wà níbẹ̀ báyìí;
ibi tí wọ́n ri òpó àsíá mọ́
ni ẹsẹ̀ ìyá òun wà, orí ẹ̀ wà lábẹ́ ògiri.
Ẹ̀ṣọ́ ní ilẹ̀ ibòmíràn nibẹ̀,
àfi kó gba físà kó tó wá kí ìyá ẹ̀.

Okwudili wolẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lọ tò síbẹ̀, fáìlì lábíyá,
tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé tí yóò gbé e relé.
Ayenajeyi wò ó. Kò bínú.
"Igi àjàgbọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ṣé wọ́n ti gé e?"
"Wọn ò gé e. Abẹ́ ẹ̀ la ti ń tò."
Bishara ti gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó ń gbọ́.
"Ṣé ó ṣì ń so?"